Apá Tí Mo Ní Kí O Gbọ́

Wàkílù, mo ti fi mẹ́ta ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ.
Má pa wọ́n rẹ́ nítorí àyè. Fọ́tò rẹ ni kí o pa rẹ́,
èyí tí o fẹ̀yìn ti ògiri pápá Kámpọ́ọ̀sì
tí o ṣe ojú bí ẹni tó ti dé ìlú òyìnbó.

Mo gbọ́ pé o ju ìbọ̀wọ́ rẹ sínú dúrọ́ọ̀mù omi ìyá rẹ,
pé bọ́ọ̀lù pẹnárítì kan ṣoṣo ló gba abẹ́ apá rẹ kọjá,
gbogbo Láfiàjì sì ń fi orúkọ rẹ jẹ ẹ̀pà.
N ò wá ṣìpẹ̀. Ìwé ni mò ń gé ní Ṣómólú
láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́.
Abẹ ẹ̀rọ wa ò mọ ìka yàtọ̀ sí ìwé,
nítorí náà etí kan ni mo fi ń gbọ́ ètò Gbọ́lágadé,
etí kejì wà lọ́dọ̀ abẹ.

Apá kẹsàn-án ni kí o kọ́kọ́ gbọ́.
Jọláadé, eléré ìje ọlọ́pàá:
ọlọ́pàá tó ń na ọ̀pá síni,
kì í ṣe èyí tó ń fi í nà wá.
Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n borí.
Gbọ́lágadé bi í pé ta ló jẹ̀bi,
ẹni tó nà án síwájú, àbí ẹni tó fẹ́ gbà á?
Níbẹ̀ yẹn, má ṣe fò ó. Dúró.
Obìnrin náà ò fọhùn.
O ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò,
o ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan pa dé,
o ó gbọ́ bó ṣe gbé omi mì.
Ó wá ní, “Ọwọ́ méjì ló wà lára ọ̀pá nígbà tó bọ́.”
Mo dá ẹ̀rọ dúró.
Apá ni wọ́n kọ sí i lórí, àpá ni mo gbọ́.

Apá kẹtàlá, Táwàlíù abẹ̀ṣẹ́, ará Yábàá.
Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ;
ó ń ka àwọn tó dà wó bí ẹni ń ka owó àjọ.
Ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó jẹ́wọ́ pé
òun kì í wo ojú ẹni tí òun ń bá jà,
ẹsẹ̀ ni òun ń wò:
ojú lè purọ́, ẹsẹ̀ ò lè sẹ́ ibi tó ń lọ.
Èyí wúlò fún aṣọ́lé. Kọ ọ́ sílẹ̀.
Ìyókù, o lè fò ó.

Ìkejìdínlógún ò gùn. Bàbá kan ni,
tó ń fi ẹfun fa ìlà sí pápá.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò rí góòlù kan rí,
ìlà rẹ̀ ló máa ń wò.
“Ẹni tó borí, ẹni tó pàdánù,
àwọn méjèèjì ló jọ fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́.
Lọ́la màá tún un fà.”
Ó rẹ́rìn-ín, ètò sì parí bẹ́ẹ̀,
bí ẹni pé iná ló lọ.

Èmi náà ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún méjì káàdì ìgbéyàwó
ni mo gé orúkọ ọkọ ìyàwó kúrò lára rẹ̀.
“Gé-Ọkọ” ni wọ́n ṣì ń pè mí títí dòní.
Mo padà sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì,
ẹnikẹ́ni ò sì fi ìyẹn ṣètò.

Yọ ìbọ̀wọ́ yẹn nínú omi.
Má sá a sójú oòrùn gan-an, yóò sán;
abẹ́ òrùlé ni kí o fi kọ́.
Ọjọ́ Sátidé màá sọdá wá.
Jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí o sọ ti pẹnárítì yẹn fún mi,
bó bá dé ibi tí o ò lè sọ, gbé omi mì.
Kò sí abẹ níbẹ̀.
Etí méjèèjì ni màá mú wá.